Ìsàlẹ̀ Odò Ni Ilé Aláró Ti Ń Pọnmi

Tí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé aláró ń ba odò jẹ́, ẹ̀rín ló máa ń pa mí. Mo máa ń bi í pé níbo ni ìyá rẹ̀ ti ń pọn omi mímu. Tiwa ò fara sin.

Ìjerò là ń gbé, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìyá mi ń pa aṣọ láró, èmi náà sì ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Odò kan ni gbogbo àdúgbò ń lò. Àwọn yòókù ń pọn omi lókè, aláró ń ṣan aṣọ láàárín, ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́bàá oko kòkó, sì ni ilé aláró ti ń pọn tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn: ohun tí o kò bá lè mu, o ò gbọdọ̀ dà á sódò. Àwọn ẹgbẹ́ mi a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹnu mi á dúdú bí etù. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ẹnu dúdú sàn ju aṣọ ṣíṣá lọ.

Ewé èlú àti omi eérú èèpo kòkó la fi ń ṣe aró. Omi eérú náà a máa ro díẹ̀díẹ̀, kò sẹ́ni tó lè kán an lójú. Nígbà tí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì kù dẹ̀dẹ̀, àwọn obìnrin kó aṣọ funfun wá, ti Ìyá Ìjọ ló pọ̀ jù. Ni ìyá mi bá lọ ra sóódà tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò, ó fi í rọ́pò eérú. Kíá, aró ti dé. Inú wa dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ wa ń bó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé garawa. Ìyá mi ò wo ojú mi.

"Òkè ni kí o ti pọn omi ulé lónìí."

Mo gba ibi tí a ti ń ṣan aṣọ kọjá. Koríko etí odò ti pọ́n, ẹja wẹ́wẹ́ ti ń léfòó. Nígbà tí mo dé òkè odò, Ìyá Ìjọ wo garawa mi, ó wo ojú mi.

"Ọmọ aláró, ṣé ẹ ti ń sá fún omi yín ni? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kó uṣẹ́ yín kúrò lódò wa."

Bí wọ́n bá lé wa lódò, iṣẹ́ tó ń bọ́ wa parí nìyẹn. Mo gbé garawa òfìfo padà sílé, mo sì rò ó fún ìyá mi tìbínú-tìbínú. Ó gba garawa náà lọ́wọ́ mi.

"Òótọ́ ló sọ."

Ó kó sóódà tó kù fún ìyá ọlọ́ṣẹ. A gbẹ́ kòtò lẹ́yìn ilé, jìnnà sódò, ibẹ̀ la da aró náà sí. Ó dá aṣọ ìkórè tó kù padà ní funfun, ó sì gba èébú rẹpẹtẹ. A tún kó eérú jọ.

Nígbà tí òjò ti fọ odò dáadáa, tí ẹja wẹ́wẹ́ ti padà, a lọ ṣan aṣọ. Àwọn obìnrin dúró lókè, wọ́n ń wò wá. Ìyá mi ṣan aṣọ tán, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sẹ́bàá oko kòkó, ó fi igbá bu omi, ó mu ún tán. Ó bu òmíràn, ó nà án sí mi. Mi ò tíì mu omi tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bí mo ṣe gbójú sókè, Ìyá Ìjọ ti dúró tì wá, ó na ọwọ́.

"Aláró, ẹ bu tèmi."