Oògùn Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ń Dà Sí Ẹ́ńjìnnì

Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí bàbá wa kú. Nígbà tí wọ́n ra mọ́tò míì, wọ́n fún mi ní ògbólógbòó tiwọn. Òun ni mo fi ń gbé màmá wa láti Ìpọ̀nrí lọ sí ilé ìwòsàn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, torí orúnkún wọn ò jẹ́ kí wọ́n lè gun bọ́ọ̀sì. Ẹ wá sọ fún mi, ta ni mí tí màá fi sọ fún irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ pé ohun tí wọ́n ń ṣe ò dára?

Ohun tí wọ́n ń ṣe nìyí. Ní gbogbo Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, wọ́n á gbé ike oògùn kan wá, irú èyí tí wọ́n ní ó máa ń fọ inú ẹ́ńjìnnì. Wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fúnra wọn, wọ́n á dà á mọ́ ọ́ìlì, wọ́n á ní kí n ṣáná sí i.

"Ṣé o gbọ́ bó ṣe rọ̀? Ó ti ń fọ̀ ọ́ nìyẹn."

"Mo gbọ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun gan-an."

Irọ́ funfun. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Àmọ́ mo ti yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ibo ni mo fẹ́ gbà padà lẹ́yìn ìyẹn?

Lóṣù kẹta, ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í kán sílẹ̀. Mẹkáníìkì mi ní Mushin wo abẹ́ mọ́tò, mo sọ ti oògùn náà fún un, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá, ta ló ní kẹ́ ẹ máa fọ ẹ́ńjìnnì arúgbó? Ìdọ̀tí yẹn ló ń bá yín dí ibi tó ti jẹ. Ẹ sáà máa pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, ó tán. Tuntun ò nílò ẹ̀, èyí tó ti gbó ò lè gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró."

Mo gbéra lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi ní Yaba láti sọ ọ́. Mo bá páálí kan nílẹ̀: oògùn tó máa tó mi lò títí ọdún á fi yí po. Ìyàwó wọn ní, "Wọn kì í fi ọ̀rọ̀ rẹ ṣeré o." Mo jẹun, mo dúpẹ́, mo gbé páálí. Inú ara mi ń bí mi débi pé mi ò mọ adùn ọbẹ̀ náà. Ǹ bá dà á nù, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló ń wá dà á sí i.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, ẹ̀gbọ́n mi bá èmi àti màmá lọ sílé ìwòsàn. A dé Iganmu, ẹ́ńjìnnì han gooro, ó kú.

"Ó ti ń dún báyìí látìgbà tí o ti ń da nǹkan yẹn sí i," ni màmá wí fún ẹ̀gbọ́n mi láti ẹ̀yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. Mi ò rí ẹ̀rù lójú wọn rí, àfi lọ́jọ́ náà.

"Ṣé èmi ni mo bà á jẹ́?"

Ilẹ̀kùn òtítọ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kí n sáà ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Rárá o, Ẹ̀gbọ́n. Bẹntiróòlù ayédèrú ni."

Ọkàn wọn balẹ̀. Àwa méjèèjì gbé màmá wọnú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, màmá ń ké nítorí orúnkún wọn. A ò tíì rìn jìnnà tí ẹ̀gbọ́n mi fi gbá mi léjìká.

"Má da ara ẹ láàmú. Oògùn tí wọ́n ń dà sínú bẹntiróòlù náà wà. Tá a bá ti ra ẹ́ńjìnnì míì, méjèèjì la ó máa lò."

Màmá ń wò mí. Mo ní ó dáa.