Bẹ́ẹ̀dì Tí Wọ́n Fi Ojú Àlàájà Wọ̀n

"Dùbúlẹ̀ dáadáa, má na ọrùn. Kí lo rí?"

"Samáà," mo fi Lárúbáwá dá a lóhùn, bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé ìwé.

"Ojú ọ̀run nìkan?"

"Ojú ọ̀run nìkan, Bàbá."

Ó pòṣé. "Kò tíì tó. Ojú ọ̀run wà ní Mẹ́kà. Omi ni Àlàájà fẹ́ rí. Ó yá, dìde."

Mo dìde, bàbá àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà náà kúnlẹ̀, ó tún fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì sókè. Ó ti tẹ́ tapólì búlúù kan sórí iyanrìn níta, níwájú fèrèsé, ó ní òkun nìyẹn. Ìgbà kẹrin tí mo dùbúlẹ̀ ni mo tó rí i láì gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. Mo pariwo pé, "Mo rí òkun!" Bàbá rẹ́rìn-ín títí sáńpépà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn. Inú karafáànì la wà, ilé kékeré onítáyà tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò. Àwọn òyìnbó kan ló fi í sílẹ̀ lọ nígbà tí iṣẹ́ wọn parí. Bàbá mi, tó jẹ́ dókítà ní Jẹ́dà, rà á, ó ní kí wọ́n tún inú rẹ̀ ṣe, ká lè máa sùn sétí òkun lọ́jọ́ ìsinmi. Ó gbé e lọ sí Bahra, lójú ọ̀nà Mẹ́kà, sọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà kan tó jẹ́ Yorùbá bíi tiwa, àmọ́ tí wọ́n bí sí Mẹ́kà. Bàbá tó bí i ló ti Ìwó wá ṣe hájì, tí kò padà mọ́. Yorùbá ẹnu rẹ̀ jẹ́ ti ayé àtijọ́, àfi tí síkúrù bá já bọ́ sọnù. Ìgbà yẹn, Lárúbáwá ló fi máa ń bínú.

Ọjọ́ Jímọ̀, tí a bá ti kírun tán, bàbá mi á gbé èmi ọmọbìnrin rẹ̀ lọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn karafáànì náà, òórùn ìtọ̀ eku ló lé mi sẹ́yìn. Fóòmù ti rún wómúwómú, pákó ara ògiri ti wú bíi gààrí tó rí omi. Bàbá mi ní kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù. Bàbá àgbà ní rárá. Ó tú u lẹ́yọ lẹ́yọ, ó fá èyí tó ṣeé fá, ó pààrọ̀ èyí tó ti jẹrà. Kì í lo ìṣó, kì í lo gọ́ọ̀mù, síkúrù nìkan. Ó máa ń sọ pé, "Ẹni tó bá fẹ́ tú iṣẹ́ mi ò gbọdọ̀ fọ́ ọ." Ìfági rẹ̀ á máa dún ṣáà, ṣáà, ẹ̀rún igi á máa bọ́ sínú tíì rẹ̀, á fìka yọ ọ́, á sì mu ún.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń wọn bẹ́ẹ̀dì yẹn fún. Àrùn ẹ̀yìn ti dá Àlàájà dùbúlẹ̀ sílé wọn ní Rusáífà, ní Mẹ́kà. Kò lè jókòó nínú mọ́tò mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló rí òkun rí, nígbà tó wà lọ́mọdé, ọjọ́ tí wọ́n lọ pàdé àwọn ẹbí tó fi ọkọ̀ ojú omi dé, ó sì fẹ́ tún un rí kó tó kú. Bàbá mi ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́: "Bàbá, lọ́jọ́ tí iṣẹ́ yìí bá parí, Àlàájà la máa kọ́kọ́ gbé lọ wo òkun." Etí mi yìí ló gbọ́ ọ. Èmi àti Àlàájà ò sì fi bẹ́ẹ̀ ga jura lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń fi mí wọ̀n ọ́n.

Iṣẹ́ parí, a fà á wá sílé wa ní Jẹ́dà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, bàbá mi ní ọwọ́ òun dí. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní mọ́tò ò dáa. Lọ́sẹ̀ kẹta, kàfíìlì rẹ̀ wá kí wa nílé, ìyẹn ọ̀gá tí ìwé ìgbélùú wa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí karafáànì, ó ní ó wu òun, òun á fi ta kọfí. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tiyín ni." Bó ṣe lọ nìyẹn! Mo mọ̀ pé ẹ̀rù bà á. Ta ni ẹ̀rù ìwé ò bà nílùú yìí? Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀rù ló ní kó má kọ́kọ́ gbé arúgbó lọ wo omi? Ìrìn wákàtí kan péré!

Kàfíìlì ní kí wọ́n yọ bẹ́ẹ̀dì kúrò, kí ẹ̀rọ kọfí lè ráyè. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń bí mi nínú títí dòní: bàbá àgbà yìí kan náà ni wọ́n tún ránṣẹ́ sí pé kó wá tú u, kó gbé pákó rẹ̀ lọ. Ojú wo lèèyàn fi ń ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ó dé láàárọ̀ pẹ̀lú agolo mílíìkì kan. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe. Ó ń tú síkúrù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń jù ú sínú agolo. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń họrí.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ ìwé ni. Ẹ mọ bí ìlú yìí ṣe rí."

"Mo mọ̀ ọ́n, Dókítà. Inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí." Ó tún tú ọ̀kan. "Àlàájà ló ń bi mí láràárọ̀ bóyá òní ni. Ẹ bá mi wá ohun tí mo máa sọ fún un."

Èmi ni mo bá wọn wá a rí. Mo ké mọ́ bàbá mi pé, "Irọ́ lẹ pa fún wọn!"

Bàbá mi ti gbọ́wọ́ sókè, ṣùgbọ́n bàbá àgbà ti dìde sí àárín wa. Ó ní kí n kúnlẹ̀. "Bẹ bàbá rẹ. A kì í sọ bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó bí ni." Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀ tẹkúntẹkún. Ẹ gbà mí o! Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló ní kí n bẹ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Èmi nìkan ni orúnkún mi kanlẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá mi gbé oúnjẹ lọ sí Rusáífà, mo bá a lọ. Bàbá àgbà ti to bẹ́ẹ̀dì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá, gíga rẹ̀ ò yí padà. Àlàájà dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀.

"Kí lo rí?" ọkọ rẹ̀ bi í.

"Ògiri ilé kejì," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n mo rí i dáadáa."

Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tó fi kú. Ògiri yẹn ló ń wò títí.

Mo ti di ẹnjinníà ní Jẹ́dà báyìí. Bí mo bá dá ọjọ́ fún èèyàn, mi ò kì í yẹ̀ ẹ́, àwọn ọmọ mi sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Bàbá àgbà ti lọ bá ìyàwó rẹ̀, bàbá mi sì ti fẹ̀yìn tì sí Ìbàdàn. Ó wá ṣe Ùmúrà lóṣù yìí, ọ̀dọ̀ mi ló dé sí, ẹ̀yìn ń dun òun náà. Láàárọ̀ yìí ló bi mí pé, "Ọmọ mi, ìgbà wo lo máa gbé mi lọ wo òkun?"

Mo ní ọ̀la, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ọ̀la náà ni o. Màá na ìjókòó iwájú sẹ́yìn fún un, màá fi ìrọ̀rí gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí á fi rí omi láì na ọrùn. Màá bi í pé, "Kí lẹ rí?" Tó bá ti ní òun rí òkun, màá sọ fún un ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ rí i. Mi ò ní pariwo. Ṣùgbọ́n mi ò ní kúnlẹ̀.