Ìyá Sírájú Tí Wọ́n Gbé Omi Òkú Kaná Fún

Irọ́ tó ń lọ káàkiri Sàǹgó báyìí ni pé wọ́n sin Ìyá Sírájú láàyè. Wọ́n ní ìyá náà kàn ń sinmi jẹ́jẹ́ ni, wọ́n bá gbé e sínú ilẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà ń sọ ọ́ ní Ìjòkó, wọ́n tún ti gbé e dé Àtàn. Kí wọ́n lọ bi Àdìzát léèrè, òun ló ń gbé yàrá tó kángun sí ti ìyá náà. Ìyá Sírájú kú o, ó kú dáadáa. Ti àkọ́kọ́ ni kò kú.

Ti àkọ́kọ́ yẹn ni gbogbo àdúgbò mọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni. Ìyá Sírájú tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ìborùn funfun bo ara rẹ̀ nítorí eṣinṣin, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè, ó dijú. Rose, ará yàrá iwájú, ń kọjá lọ, ó kí i, kò dáhùn. Ó tún un kí, pàbó. Ó fọwọ́ kàn án lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ tutù. Sìmẹ́ńtì ló mú un tutù, ṣùgbọ́n ta ló ráyè rò ó? Ariwo ta. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀, ni wọ́n bá sáré pe Àfáà Jìbírílù. Rose tó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ló gbé omi kaná tí wọn yóò fi wẹ òkú. Àfáà ti ń wọn aṣọ funfun lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Sírájú la ojú kan.

"Àfáà, ẹ káàárọ̀. Ta ló kú?"

Àwọn tó rí Àfáà lójú títì ní bàtà kan péré ló kù lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ìyá Sírájú ní tiẹ̀ dìde, ó na ara, ó rìn lọ sídìí àdògán, ó tẹ ìka bọ omi. "Rose, eléyìí ti gbóná jù fún òkú. Bù ú sí garawa fún mi, kó má lọ ṣòfò."

Wọ́n ń béèrè ibi tó ti rí irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyàwó máníjà kan ni, ará Íńdíà, tó ń gbé lẹ́yìn ilé iṣẹ́ onírin. Ìyá Sírájú ló ń bá a tọ́jú ilé. Ẹ̀yìn wá ń dun Ìyá Sírájú débi pé kò lè bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀. Obìnrin náà ní kó wá jókòó sórí ẹní, kó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Ìyá Sírájú ní, "Màdáàmù, mo ti ń mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi." Obìnrin náà ní, "Ò ń jí i mí ni, o ò tíì mí." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju ẹ̀yìn lọ, ló bá jókòó. Yógà ni wọ́n ń pè é, mímí wà nínú rẹ̀, dídùbúlẹ̀ sinmi bí òkú náà wà nínú rẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìntì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba fìríìjì àlòkù, òun gba ẹní.

Ó tún ní irú mímí kan tó fi máa ń kùn bí oyin, á pa ẹnu dé, imú ni ohùn á gbà jáde. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣe é, Rose sáré gbé fóònù wá síta, ó ń wá ibi tó máa kì í bọ̀ kó lè gba iná. Ó rò pé lánlọ́ọ̀dù ti tan jẹnẹrétọ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò pa lẹ́rìn-ín nígbà náà ni Àdìzát. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ran àpò ló ti ń ṣiṣẹ́. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú báyìí, àyà rẹ̀ á máa lù kìkìkì, oorun á sá. Ẹ̀rù tó ń bà á ni pé òun náà lè ṣubú lulẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí àwọn ọmọ òun di ẹni tí wọ́n ń pín káàkiri ilé ẹbí. Ọsibítù ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, wọ́n fún un lóògùn.

Ó lọ bá Ìyá Sírájú pé kó kọ́ òun náà. Ìyá Sírájú bi í, "Ṣé ò ń lo oògùn ọ̀hún?"

"Ìyá, mo ní tí mo bá ti ń bá yín mí, mi ò ní lò ó mọ́."

"Ta ló rán ẹ? Èmi ò bá dókítà jà o. Lọ lo oògùn ẹ, kó o tó wá jókòó."

Ó gbé ọwọ́ Àdìzát lé ikùn Àdìzát fúnra rẹ̀. Ó ní kó fa èémí sínú títí ọwọ́ á fi gbéra, kó tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fẹ́ tíì gbígbóná. Níbẹ̀ ni Àdìzát ti bú sẹ́kún. Ìyá Sírájú kò sọ pé kó dákẹ́. Ó ní, "Sun ún dáadáa, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó dí imú, imú la fẹ́ lò." Díẹ̀díẹ̀ ni oorun padà wálé Àdìzát.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ fi ká a lára nígbà tí Bọ̀wálé, lánlọ́ọ̀dù wọn, pe ìpàdé ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ omi gbígbóná yẹn.

Ó ní, "Ìyá Sírájú, ẹ ò gbọdọ̀ kú nínú ilé mi mọ́. Tí ẹ bá tún tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, ẹ máa kó lọ bá ọmọ yín ní Àtàn."

Àfáà náà fi tiẹ̀ kún un pé ó jọ pé ìsìn àwọn ẹlòmíì ni.

"Àfáà, kí n tó mọ yógà, mo ń mí. Ta ni mò ń sìn nígbà yẹn?"

Àfáà ní àsìkò ìrun ti tó, ó dìde.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ìyá Sírájú tẹ́ ẹní sí ojúkò rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ gbalaja. Àdìzát dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó mọ̀ pé tí wọ́n bá lé ìyá lọ, oorun tún ti lọ nìyẹn. Tí òun bá sì dá sí i, wọ́n á lé òun náà. Ó wọlé, ó gbé ẹní tiẹ̀ jáde, ó dùbúlẹ̀ tì í. Rose náà dé pẹ̀lú páálí fìríìjì.

Bọ̀wálé jáde tòun ti pákò lẹ́nu. "Kí lẹ̀ ń ṣe?"

Ìyá Sírájú kò lajú. "A ti kú. Lọ pe Àfáà."

Àfáà ránṣẹ́ padà pé òun ò wá mọ́, àfi tí òkú bá wá pe òun fúnra rẹ̀. Ni Bọ̀wálé bá gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí wọn, ó ń kùn. Kò lé ẹnikẹ́ni. Kò pẹ́ kò jìnnà, òun náà gbé àga wá. Ó ní òun kò bá wọn ṣe é o, òun kàn fẹ́ gba atẹ́gùn.

Nígbà tí Ìyá Sírájú wá kú lóòótọ́, lásìkò ọyẹ́ tó kọjá yìí, kò sẹ́ni tó gbà. Àdìzát ló bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyá náà kì í fẹ̀gbẹ́ sinmi. Rose kọ̀, kò gbé omi kaná. Bọ̀wálé ní kí wọ́n ṣì fún un láyè díẹ̀. Dókítà wá, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí, síbẹ̀ wọn kò kúrò lójú kan. Àfáà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní, "Ìyá Sírájú, ẹ káàárọ̀." Ó dúró gba èsì. Ó tún un kí, ohùn rẹ̀ sì já. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó lè sin ín, àwọn kan ṣì ń sọ pé ó ń sinmi ni, ibẹ̀ ni irọ́ yẹn ti wá.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, Àdìzát jókòó tì í, àyà rẹ̀ ń lù, ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó ń fà á sínú, ó ń tú u sílẹ̀. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó ti bi í pé, "Ìyá, tí ẹ ò bá sí ńkọ́, ta ló máa bá mi mí?"

Ìyá Sírájú rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ lò ń mí látọjọ́ yìí, èmi kàn ń jókòó tì ẹ́ ni. Máa tẹ́ ẹní mi síbí yìí. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó gbé omi kaná."