Ìlà Tí Gúnrégé Fà

Kò sí ẹni tó ń pe orúkọ àbísọ ọkùnrin yìí mọ́ níbi iṣẹ́. Gúnrégé ni gbogbo wọn ń pè é, àtọ̀gá àtọmọṣẹ́. Òun ló ń wọn ilé. Kí àwọn tó ń lẹ táìsì tó lẹ ẹyọ kan, kí àwọn tó ń kan àjà tó gbé igi sókè, Gúnrégé ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Yóò gbé lésà rẹ̀, ẹ̀rọ oníná tí wọ́n fi ń wọn ilé, ka orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, yóò tàn án, iná pupa tẹ́ẹ́rẹ́ á sì yí ògiri ká ní ọgbọọgba. Ibi tí iná bá gbà ni yóò fi pẹ́ńsù sàmì sí. Lẹ́yìn náà, á na okùn tí wọ́n fi ẹfun pa láti àmì kan dé èkejì, á ta á mọ́ ògiri, ìlà á sì jókòó. Ẹni tí kò bá gba ìlà náà gbọ́, kó lọ bá omi inú abọ́ jà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ojú Gúnrégé ti ń kú. Mi ò ní fi pa mọ́ fún yín bí òun ṣe fi pa mọ́ fún wọn. Dókítà ti sọ fún òun àti ìyàwó rẹ̀ pé ti ọ̀tún ti lọ, ti òsì ń tẹ̀lé e, èyí tó bá sì ti lọ kò ní padà. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ sọ fún ọ̀gá. Ó fi àáké kọ́rí. Ó ní iṣẹ́ wíwọn nìkan lòun mọ̀ láyé òun, ọjọ́ tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ òun, kí wọ́n kúkú gbẹ́ ilẹ̀ de òun. Láràárọ̀ ni obìnrin náà ń kán oògùn sí i lójú, tó ń sunkún. Òun náà á máa bá a ṣẹ̀fẹ̀ pé omi tó ń jáde lójú tirẹ̀ pọ̀ ju èyí tó ń wọ ojú òun lọ.

Ọgbọ́n wo ló wá dá? Lésà yẹn ní ohun èlò kékeré kan tí wọ́n máa ń há mọ́ ara ọ̀pá, fún ìgbà tí oòrùn bá mú tí ojú kò lè rí iná. Bí iná bá ti bà á, á ké. Bí wọ́n bá gbé e ga jù, á máa ké wéréwéré. Bó bá rẹlẹ̀ jù, á máa ké lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá wá ṣe déédéé, igbe rẹ̀ á lọ gbọọrọ láìdánu dúró. Gúnrégé sọ ọ́ ní Aláròyé. Ìta nìkan ló ti ń lò ó tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ó di inú ilé, títí kan inú yàrá tó ṣókùnkùn biribiri. Bí wọ́n bá bi í, á ní àgbà ti dé, òun ò fẹ́ kí iná máa ta òun lójú.

Bí Aláròyé bá ti ké gbọọrọ, á fi èékánná wá ibi tí wọ́n gé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti fi ibi tí iná wà hàn, á fi pẹ́ńsù sàmì síbẹ̀. Ó rò pé òun ti bọ́. Ó gbàgbé, àbí ó mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé, pé etí lè gbọ́ iná lóòótọ́, àmọ́ kò sí etí tó lè fi okùn lé orí àmì pẹ́ńsù.

Síbẹ̀, ilé ìwé kan parí, ilé ìwòsàn kan parí, ẹnikẹ́ni ò ráhùn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó tilẹ̀ tún ń fọ́nnu. A máa sọ fún Káfíńtà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tó jẹ́ olórí àwọn tó ń kan àjà, pé bí òun bá sùn pàápàá, ọwọ́ òun mọ ọgbọọgba. Káfíńtà á rẹ́rìn-ín, á ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n wá bọ́ sórí gbọ̀ngán ńlá kan. Ọjọ́ tí Gúnrégé fa ìlà àjà ibẹ̀, Káfíńtà ò wá, wọ́n lọ yọ eyín rẹ̀ kan tó ti kẹ̀. Iṣẹ́ ń kánjú, làwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ bá gbé igi lé orí ìlà tí wọ́n bá lára ògiri, wọ́n kàn án mọ́ ọn.

Nígbà tí Gúnrégé dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti dá iṣẹ́ dúró. Kò rí òkè. Ó bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹnì kan sì kùn pé àjà ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi fìlà ọ̀mùtí.

Ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó ní ẹnì kan ti gbé lésà òun ṣubú nìyẹn. Ọ̀gá, obìnrin tó ń bójú tó gbogbo ilé tí wọ́n ń kọ́, rọra sọ pé kò burú, wọn á tún un ṣe. Gúnrégé ò gbà. Ó ní àfi kí wọ́n dán lésà náà wò lójú gbogbo ayé. Wọ́n gbé e sí ìdí ògiri kan, wọ́n sàmì. Wọ́n gbé e lọ sí ìdí èkejì, wọ́n yí ojú rẹ̀ padà, wọ́n tún sàmì. Àmì bá àmì mu. Kò sóhun tó ṣe lésà. Ó bá kọjú ìjà sáwọn ọmọṣẹ́ Káfíńtà, ó ní ọwọ́ wọn ló wọ́.

Ibẹ̀ ni Káfíńtà ti wọlé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," ló wí, "ẹ̀bi mi ni. Eyín yìí ni ò jẹ́ kí n wá tún un fà."

"Tún kí ni fà?" Gúnrégé bèèrè.

Káfíńtà ò tíì rí i pé ó wà níbẹ̀. Ẹyin lohùn, ó ti fọ́.

"Ìlà yín ni, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá ti lọ sílé ni mo máa ń nù ún, kí n tó fa òmíràn."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ilé ìwé."

"Ilé ìwòsàn ńkọ́? Kò sí ìkankan nínú tèmi tó dúró?"

Káfíńtà di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. "Kò sí, ẹ̀gbọ́n."

Ọ̀gá ní òun lòun sọ pé kí wọ́n má wí fún un, pé àwọn ò fẹ́ kó jókòó sílé lásán. Èmi tó ń sọ ìtàn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi irú àánú báyìí ṣàánú mi. Ó dun Gúnrégé. Ó dùn ún ju ojú tó kú lọ. Gbogbo ìgbà tó fi ń bẹ̀rù pé wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun, wọ́n ti gbà á tán, wọ́n kàn fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀ fún un kó máa gbé kiri ni. Àwọn ilé tó ti fi han ọmọ, tó ti fi han àna, kò sí ọwọ́ rẹ̀ nínú wọn.

Ó wá ògiri, ó fara tì í. Ọ̀gá ní kó má ro ọ̀rọ̀ náà jù, kó lọ sinmi, kó máa bọ̀ lọ́la bó ṣe máa ń wá.

"Kí n wá ṣe kí ni?" ló bi wọ́n.

Ó dúró títí kí ẹnì kan dá a lóhùn. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, kò mọ̀ bóyá wọ́n ṣì wà níwájú òun, tàbí wọ́n ti lọ.