Bẹ́ńṣì Tó Jáde Nílé Ìwé

Ní Òmù-Àrán wa níbí, òbí ló ń gbé bẹ́ńṣì ọmọ rẹ̀ wá sí ilé ìwé girama tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Èyí tí ìjọba fún wa kò tó nǹkan. Lọ́jọ́ tí òbí bá wá gbé bẹ́ńṣì jáde, ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ìdí: ọmọ náà ti fi ilé ìwé sílẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí Kòrónà dé tí wọ́n ti ilé ìwé pa, gbogbo bẹ́ńṣì wà nínú kíláàsì. A ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ di oṣù. Ìgbà tó yá, ilé ọtí tó dojú kọ géètì wa ṣílẹ̀kùn. N kò gbọ́ pé ẹnì kan pàṣẹ rẹ̀, ó kàn ṣí ni. Wọ́n ní kí àwọn tó ń mu ṣáà jìnnà síra. Inú bí mi. Kòrónà yìí mà gbọ́n o, ó mọ akẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀ sí ọ̀mùtí.

Opó kan ló ni ilé ọtí náà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní kíláàsì mi, ìdánwò àṣejáde ló kù fún un, orí rẹ̀ sì pé gan-an. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń kọjá lọ, mo rí bẹ́ńṣì rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Ọkùnrin méjì jókòó sí ìkángun rẹ̀ méjèèjì, ẹmu tí wọ́n gbé wá láti Àrán-Ọ̀rin ń hó láàárín wọn. N kò lè ṣì í mọ̀. Bàbá ọmọ náà tó jẹ́ káfíńtà ló kàn án kó tó kú, ó fi páànù yí ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ikán má baà jẹ ẹ́. Ọmọ náà ń fi àkísà nu ẹmu tó dà sórí rẹ̀.

Mo pe ìyá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìyá, ẹ ti gbé e jáde? Ṣé ọmọ yìí kò ní í padà mọ́ ni?"

"Wọ́n ní kí oníbàárà jìnnà síra, tíṣà, ìjókòó ò sì tó. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣílé ìwé, ẹ óò rí bẹ́ńṣì."

"Ẹ jẹ́ kó máa wá sílé mi láàárọ̀ kí n máa kọ́ ọ."

"Ta ni yóò wá máa gbé ọtí? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Wọ́n tilé ìwé, ẹ̀yin ṣì ń gbowó oṣù. Èmi ńkọ́?"

Òótọ́ ló sọ, ó sì dùn mí pé òótọ́ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a wọlé padà, mo dúró sẹ́nu géètì, ìbòmú kò jẹ́ kí n mí dáadáa. Mo rí ọmọ náà tó ń bọ̀, ó ru bẹ́ńṣì rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo sáré lọ bá a sọ̀ ọ́. Àwa méjèèjì gbé e sí àyè rẹ̀ nínú kíláàsì. Òórùn ẹmu ṣì wà lára rẹ̀.

"Ó yá, jókòó," mo ní.

Kò jókòó. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé aṣọ ilé ló wọ̀.

"Màmá ní kí n dá a padà ni, mà. Ẹ lè fún ẹlòmíràn. A ti ra àga rọ́bà."

Ó kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe, ó sọdá títì padà sílé ọtí. Èmi ni mo jókòó sórí bẹ́ńṣì náà, mo sì sunkún.