Fíríì Tí Ọkọ Mi Túmọ̀ Fún Mi

Òórùn ìwé ìròyìn tí epo pupa ti ta sí ni mo fi ń rántí àwọn Sátidé wa ní Sharpstown, ní Amẹ́ríkà níbí, nígbà tí àwọn ọmọ mi ṣì kéré. Bí mo bá tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì láti fi ṣa ẹ̀wà, ọkọ mi á ní kí n gbé ẹ̀wà mi kúrò, òun ò tíì ka ojú ewé bọ́ọ̀lù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan á ti jókòó tì í. Dókítà là ń pe ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ó ṣì ku ọdún mẹ́ta kó di dókítà. Àwọn méjèèjì á wá dá àríyànjiyàn sílẹ̀ lórí besibọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi igi gbá. Inú oṣù òtútù sì ni à ń wí yìí o, ẹnikẹ́ni ò gbá bọ́ọ̀lù kankan. Owó tí ẹni tó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wa fẹ́ fi ra agbábọ́ọ̀lù tuntun ni wọ́n ń bá a fi ẹnu ná. Ní ọdún méjì ṣáájú, wọn ò mọ̀ bóyá ẹni tó gbé igi dání ló ń lé èèyàn tàbí òun ni wọ́n ń lé.

Ọkọ mi ní kí wọ́n rà. "Owó ló ń pa ọjà tó bá le," ohun tó máa ń sọ nìyẹn, ọkùnrin tó jẹ́ pé títì la máa ń ti mọ́tò rẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Dókítà ò gbà. "Arúgbó tí èjìká ń dùn? Ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́ àwọn ọmọ ilé dàgbà. Ẹni tó bá torí owó fi ilé kan sílẹ̀, á torí owó fi tiwa náà sílẹ̀." Tiwa ni wọ́n máa ń pè é, bí ẹni pé ọ̀kan nínú wọn ní bíríkì kan nínú pápá náà.

Ọ̀rọ̀ tí kì í wọ́n lẹ́nu wọn ni "fíríì ẹ́jẹ́ǹtì." Èmi tí mi ò kọjá ìwé mẹ́fà, ọ̀fẹ́ ni mo mọ fíríì sí. Ṣebí fíríwéè, ọ̀nà ńlá tó kọjá lẹ́yìn ilé wa, a kì í sanwó ká tó gbà á. Ni mo bá béèrè láti ibi ìdáná pé, "Dádì, ṣé ẹ ní fíríì ni? Kí ló wá dé tí wọ́n ń sanwó lé e lórí?" Dókítà rẹ́rìn-ín títí tó fi di ikùn mú. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, bó bá ti rí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, á ní, "Ìyàwó wa, ẹ kú ọ̀fẹ́ o." Ojú tì mí gan-an. Ọkọ mi ló là á yé mi, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé ní a-b-d. "Fíríì yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Agbábọ́ọ̀lù náà ti sin ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ gbà á fún iye ọdún tó yẹ. Kò sí okùn lọ́rùn rẹ̀ mọ́. Ibi tí wọ́n bá ti mọyì rẹ̀ ló lè lọ, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni."

Mo ní ẹ ṣeun. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà bá mi níbi tó ń dùn mí.

Màmá Ìjọ ni mò ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ìyá ìjọ wa ni, ìjọ aláṣọ funfun, òun náà ló sì ni ilé ìtọ́jú ọmọ tí gbogbo wa ń pè ní dékíà. Òun ló gbà mí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí fóònù bá dún tí mò ń sá fún un. Ọdún mẹ́fà ni mo ti lò ní yàrá àwọn ọmọ ọwọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti gbé olórí tuntun wá bá mi níbẹ̀, èmi ni mo sì ń kọ́ wọn níṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, obìnrin òyìnbó kan wá mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bá a lẹ́yìn mi tí mo pọ̀n ọ́n, ọmọ tí kì í sùn, tó ti sùn lọ fọnfọn. Òun náà ní dékíà ní àdúgbò Mission Bend. Ó ní kí n wá ṣe olórí yàrá ọmọ ọwọ́ fún òun, kí n fún òun lésì kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí.

Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi ní Sátidé, níṣojú Dókítà. Ó gbé ìwé ìròyìn sílẹ̀. "Lọ sí ibo? Ṣé o fẹ́ ya aláìmoore ni? Ojú wo la fẹ́ fi wo Màmá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

Dókítà mi orí. "Ìyàwó wa, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni."

Látìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnu àwọn méjèèjì máa kò.

"Ilé bàbá mi kọ́, ibi iṣẹ́ ni," ni mo fèsì. "Dádì, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ẹni tó bá ti sin ọdún rẹ̀ pé, kò sí okùn lọ́rùn rẹ̀."

"Bọ́ọ̀lù nìyẹn."

"Ọmọ èèyàn lèmi ń gbé. Ṣé bọ́ọ̀lù wá ju ọmọ lọ ni?"

Dókítà ní òun fẹ́ lọ wo ibi tí òun gbé mọ́tò òun sí. Kò padà wọlé lọ́jọ́ náà.

Ní Mọ́ńdè, mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá Ìjọ, mo sọ ọ́. Wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń dáhùn fóònù?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ó dáa. Máa lọ dáhùn tiwọn."

Ó lé lọ́dún kan tí wọn ò fi jẹ́ kíkí mi. Mo máa ń kúnlẹ̀ ní ìta ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á sì máa wo òkè orí àwọn èèyàn bí ẹni tí kò rí mi. Ó dùn mí ju bí mo ṣe jẹ́ kí àwọn ọkùnrin yẹn mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò dá a dúró. Kíkí ni tèmi, dídáhùn ni tiwọn. Lọ́jọ́ kan ni wọ́n ṣàdédé ní, "Ṣé ibi tẹ́ ẹ wà yẹn ń gba èèyàn? Ọmọ àbúrò mi ti dé láti ilé." Mo ní kó máa bọ̀.

Lónìí, bí àlejò bá wá, ọkọ mi á ní òun lòun gbà mí nímọ̀ràn kí n lọ sí Mission Bend. Dókítà, tó ti di dókítà lóòótọ́, á ní òun wà níbẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán.

Ọmọbìnrin yẹn, ọmọ àbúrò Màmá Ìjọ, ni èmi máa ń rò ní tèmi. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ tí inú ń run. Ọdún mẹ́ta ló lò lọ́dọ̀ mi, ó sì wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní ilé ìwòsàn kan ti gba òun síṣẹ́. Ó wọ̀ mí lára, mi ò ní parọ́. Ọ̀rọ̀ kan wá sí mi lẹ́nu tó burú ju ti Màmá Ìjọ lọ, mo sì gbé e mì. Mo ní, "Dìde ńlẹ̀. Ọjọ́ wo ni wọ́n ní kí o bẹ̀rẹ̀?"