Tábìlì Àpà tí Mákindé Kàn fún Ẹja Òkun

Mákindé káfíńtà kì í fi ẹnu sọ fún ènìyàn pé òun kò kà á sí. Ojú ló fi ń sọ ọ́. Yóò wo ẹni náà láti orí dé bàtà, yóò tún wo bàtà náà lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ní gbogbo Ìsẹ́yìn, kò sí ẹni tó jẹ irú ìwò yẹn tó Cornelius, ọ̀gá kékeré kan ní ọ́fíìsì ìjọba, lọ́dún 1979 tó ra àpótí ẹja òyìnbó.

Òyìnbó kan tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti fi Èkó sílẹ̀ ló tà á fún un. Gíláàsì ni yíká, ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ẹja òkun ni wọ́n sì ń sìn nínú rẹ̀. Cornelius wá sí ṣọ́ọ̀bù Mákindé pé kó kan tábìlì tí yóò gbé e.

"Ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fẹ́," ó ní. "Kí o lẹ fọ́míkà mọ́ ọn kó máa dán."

Bẹ́ẹ̀ rèé, Mákindé fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ.

"Garawa omi mélòó ni yóò wọ inú rẹ̀?" ni Mákindé bi í.

Cornelius kò mọ̀.

"Bí ẹ ṣe júwe rẹ̀ yìí, yóò tó ogójì. Ìyẹn wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́tàlá lọ. Ṣé orí ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ fẹ́ gbé e lé?"

"Omi lásán? Ìwọ ṣáà ṣe ohun tí mo ní kí o ṣe."

Mákindé wo bàtà rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ó fa pákó àpà tó ti ń sá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù láti ọdún mẹ́ta yọ, èyí tó fẹ́ fi ṣe ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀. Kò nífẹ̀ẹ́ Cornelius rárá. Ohun tí kò lè gbà ni kí tábìlì tí òun fọwọ́ ara òun kàn wó nítorí òmùgọ̀ kan. Ó kan ẹsẹ̀ mẹ́jọ tó ki pọ́pọ́, ó fi igi dábùú wọn, ó wá lẹ fọ́míkà bò ó.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ ni lọ́rì dé. Ọkùnrin mẹ́jọ ló gbé àpótí náà wọ pálọ̀, Mákindé wà nínú wọn. Cornelius dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pariwo "Ẹ rọra!", kò fi ìka kan kàn án. Ẹja mọ́kànlá ló wà nínú ọ̀rá olómi, èyí pupa, èyí aláwọ̀ ìyeyè. Dúróòmù omi òkun mẹ́rin ló tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n gegele ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ ti da omi inú méjì nù.

"Ẹ pọnmi kànga kún un," ni Cornelius wí. "A ó fi iyọ̀ sí i."

Florence ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ní, "Bàbá Bọ́sẹ̀, ṣé ẹ ti wọ̀n ọ́n? Iyọ̀ tí a ń pò fún aláìsàn pàápàá, a máa ń wọ̀n ọ́n."

Cornelius ṣí àpò iyọ̀. Ó da iyọ̀ ìsebẹ̀ sí i, ó tọ́ ọ wò, ó ní ó ti dọ́gba. Mákindé yọ ṣùtì, ó gba ilé rẹ̀ lọ.

Cornelius ti pe àwọn ará ìjọ pé kí wọ́n wá wòran lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Àmọ́ iná ti lọ láti àná, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi ti dákẹ́. Nígbà tí wọ́n wọlé, omi náà ti dà bí omi ògì, ẹja sì ti yíkùn sókè.

Cornelius nawọ́ sí Mákindé, tóun náà wá wòran, láàárín èrò. "Gọ́ọ̀mù tí káfíńtà yìí fi lẹ fọ́míkà ló pa wọ́n!"

Mákindé tẹ̀ síwájú, ó fa fọ́míkà ẹsẹ̀ kan ya, igi àpà yọ síta. "Ìta ni gọ́ọ̀mù wà. Inú gíláàsì lomi wà. Ẹ tọ́ omi yín wò níṣojú wa."

Cornelius kò mira. Àgbà ìjọ kan ló ti ìka bọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ lá, ó sì sáré jáde lọ tutọ́. Ẹ̀rín sọ. Inú Mákindé dùn débi pé kò lè pa á mọ́ra.

Ìgbà náà ló rí ẹja kan ní kọ̀rọ̀, kò ju àtàǹpàkò lọ, ìjàgbọ̀n tó fi ń mí ṣì ń mì.

"Ìyá Bọ́sẹ̀, ṣé omi òkun kankan ṣẹ́ kù?" ló bi Florence.

Ó kù díẹ̀ nísàlẹ̀ dúróòmù. Wọ́n da á sínú abọ́ tánganran, wọ́n gbé ẹja náà sí i, Florence wá páǹpù kẹ̀kẹ́ wá. Títí ilẹ̀ fi ń ṣú, tí iná dé, òun àti Mákindé ń gba páǹpù lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń rọra fẹ́ atẹ́gùn sí omi. Cornelius ti wọ yàrá lọ.

Ẹja náà gbé ọjọ́ mẹ́rin sí i. Florence ló yà ní ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, láti sọ pé ó ti kú. Mákindé gbé ayùn rẹ̀ kalẹ̀. Oníbàárà kan tó wà níbẹ̀ bi í pé ta ló kú. Ó wo onítọ̀hún láti orí dé bàtà, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.